Ìbéèrè Tí A Fi Ìdúró Béèrè

Akóbọ̀, Ìbàdàn,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Mojísọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ wa pé tí a bá ń kọ lẹ́tà, ká kọ́kọ́ kọ ọ́ pé, "Mo lérò pé àlàáfíà ni o wà. Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tiwa, a dúpẹ́." Mi ò ní kọ ìyẹn sínú èyí. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n kọ. Ọ̀rọ̀ "a dúpẹ́" yẹn gan-an ló mú mi jókòó, wàá sì rí ìdí rẹ̀ kí o tó kà á tán.

O mọ̀ pé èmi kì í kọ lẹ́tà. Ohùn ni mo máa ń fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, ìyá rẹ sì máa ń sọ pé ohùn mi níbẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí iṣu. Àmọ́ ohun tí mo sọ fún ọ lórí fóònù ní Ọjọ́bọ̀ kò ṣeé fi ohùn tún ṣe. Ohùn ni mo fi bà á jẹ́. Mo fẹ́ fi ọwọ́ kọ èyí, kó lè wà nílẹ̀ fún ọ. Ìyá rẹ máa gbé e wá lọ́la tó bá ń lọ sí Bódìjà.

Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sọ bó ṣe rí, kó má di pé mò ń gbè lẹ́yìn ara mi. O ní, "Dádì, iṣẹ́ ìwádìí mi kò tọ́."

Mo ní, "Kò tọ́ báwo? Ṣé o ò tíì kọ ọ́ tán ni?"

O ní o ti kọ ọ́ tán.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n ní kẹ́ ẹ gbé e wá?"

"Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, sà."

Mo ní, "Kí lo wá ń dúró fún? Gbé e lọ. Iṣẹ́ tó ní àbùkù tó dé ọwọ́ ọ̀gá sàn ju èyí tó pé tó wà nínú àpò lọ."

O fẹ́ ṣàlàyé. Mo gbọ́ ọ, o ní, "Àwọn awakọ̀ yẹn, Dádì..." Mo ní oníbàárà wà níwájú mi. Mo pa fóònù. Oníbàárà wà níwájú mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n jíjókòó ló jókòó, ó ń mu omi, kò kánjú rárá.

Ìyá rẹ ló sọ ìyókù fún mi lánàá. Ó ní o lọ sí páákì Challenge, o fún ọgọ́rin awakọ̀ ní fọ́ọ̀mù, o bi wọ́n pé ṣé ojú wọn dáa. Àwọn méjì péré ló ní ojú ń yọ àwọn lẹ́nu. Gbogbo ìyókù ní, "Ojú wa dáa, a dúpẹ́." O ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wá ku ìbuwọ́lùwé Bàbá Kábírù, àgbà awakọ̀ tó ń ná Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó ti sọ fún ọ pé ojú òun dá ṣáká. O fún un ní bírò. Bàbá gba bírò, ó sì fara balẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ní ẹ̀gbẹ́ ìwé. Nígbà tó mọ̀ pé o ti rí i, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, tí ẹ bá kọ ọ́, wọ́n á gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi."

Ìwọ wá mọ̀ báyìí pé ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ kò sọ òtítọ́. Tí o bá padà lọ bi wọ́n léèrè tuntun, Ọjọ́ Ẹtì á kọjá, wàá fi sáà kan kún un, àwọn ẹgbẹ́ rẹ á lọ sin ilẹ̀ baba wọn láìsí ìwọ, àyè iṣẹ́ tí mo bá ọ tọrọ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní Ring Road á sì bọ́. Tí o bá sì gbé e lọ bó ṣe wà, wàá jáde pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ, ọwọ́ rẹ á sì ti kọ ọ́ pé ojú awakọ̀ Challenge dáa. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Lórí rẹ̀ ni bàbá rẹ, ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní amòye, ti ní kí o gbé e lọ.

Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Má gbé e lọ bó ṣe wà.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn láti àná. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi hàn ọ́, màá sì fi nọ́ńbà sí i bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ òwò.

Èkíní. Nígbà tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ gba oyè kejì nínú ìmọ̀ òwò, búrẹ́dì ni mo ṣe ìwádìí lé lórí. Mo yá ààrò lọ́wọ́ ẹnì kan, mo ń yan búrẹ́dì, mo ń gbé e kiri Bódìjà, mo sì ń bi àwọn tó ń rà á pé, "Báwo lẹ ṣe rí i?" Wọ́n á ní, "Ó dáa, ẹ kú iṣẹ́ o." Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo oníbàárà ló ní ìtẹ́lọ́rùn. Àwọn olùkọ́ yìn mí. Mo wá fi ìwé yẹn ṣe ìpìlẹ̀, mo ṣí ilé búrẹ́dì, mo gba òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án. Kò pé ọdún tí mo fi tì í pa.

Lẹ́yìn tó ti kógbá sílé, mo pàdé obìnrin kan tó máa ń rà á tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bọ̀dá. Búrẹ́dì yín kàn máa ń rọ̀ dẹ̀ẹ̀ tó bá di ọjọ́ kejì ni, bí ẹni tó gba ààwẹ̀."

Mo ní, "Ẹ ò wá lè sọ fún mi?"

Ó ní, "Ẹ máa ń sáré. Ẹ sì mọ èèyàn kí. Ta ló fẹ́ ba inú yín jẹ́ lórí ìrìn?"

Àbẹ̀kẹ́, oníbàárà Ìbàdàn kò ní sọ fún ọ pé ọjà rẹ kò dára. Á kí ọ tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, á sì gba àdúgbò mìíràn lọ. Mo fi odindi òwò ra ẹ̀kọ́ yẹn, ṣùgbọ́n mi ò kọ́ ọ tán, torí lójú mi, ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ni.

Èkejì ni bàbá mi. O mọ Bàbá Ṣakí bó ṣe wà báyìí, tó ń fi ìka wọn aṣọ, tó ń fi etí mọ ẹni tó wọlé. O ò mọ bó ṣe dé ibẹ̀, torí mi ò sọ ọ́ fún ọ rí. Ojú ń tì mí.

Gbogbo Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pè é. "Bàbá, ṣé dáadáa ni?" Á ní, "A dúpẹ́." "Ara le?" "Ó le koko." Ó parí. Tí mo bá lọ sílé, orí ìdúró ni mo máa ń wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ á máa dún lọ́wọ́ mi, màá béèrè ìbéèrè méjì yẹn kan náà, á dá mi lóhùn kan náà. Lọ́jọ́ kan lásìkò Àjíǹde, a jókòó síbi tíì. Bàbá gbé fíláàsì, ó ń da omi gbígbóná sórí tábìlì ní ẹ̀gbẹ́ ife, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Mo wo ìyá mi. Ìyá mi ń wo omi.

Mo tẹ̀lé ìyá mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo ní, "Láti ìgbà wo?"

Ó ní, "Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí èmi ti ń bá a fi òwú sí abẹ́rẹ́."

Télọ̀ ni Bàbá, o mọ̀. Télọ̀ tí kò lè fi òwú sí abẹ́rẹ́.

"Màámi, ẹ ò sọ fún mi."

"O ò béèrè. Ìwọ ń béèrè pé ṣé ó wà dáadáa."

Dókítà ojú ní èyí tó ti lọ ti lọ, ìyókù nìkan ni àwọn lè bá a ṣọ́. Ó ní ká ní a tètè dé ni. Èmi tí mo ń lé gbogbo ayé pé kí wọ́n tètè, Àbẹ̀kẹ́, èmi ni wọ́n ní mi ò tètè dé.

Nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń bọ̀, inú bí mi. Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi ń parọ́ fún mi?" Kò fi ìbínú dá mi lóhùn. Ó ní, "A dúpẹ́ kì í ṣe irọ́. Ọlọ́run ni mo ń dá lóhùn. Èyí tó kàn ọ́ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n o kì í dúró gbọ́ ọ."

Nítorí náà, má pe àwọn awakọ̀ yẹn ní òpùrọ́. Mo gbọ́ pé o ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ. Ìbéèrè tí a bá fi ìdúró béèrè, ìdáhùn ìdúró la máa gbà. Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè tí kò dúró gbọ́ èsì, ibo ló fẹ́ já sí?

Ẹ̀kẹta wá ni iṣẹ́, torí mi ò lè máa sunkún lásán lórí ìwé. Tí o bá padà sí páákì, lọ nígbà tí ọkọ̀ wọn ṣì wà lẹ́yìn ìlà. Awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ ti ń gba èrò kò ní etí fún ẹnikẹ́ni. Jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn. Má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, sì jẹ́ kí wọ́n rí i pé o ò kọ ọ́. Tí alága páákì bá ní òun fẹ́ mọ àwọn tí ojú wọn kò dáa, sọ fún un pé iye ni o ní, o ò ní orúkọ. Lẹ́yìn ìyẹn, má bi wọ́n pé ṣé ojú wọn dáa. Bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n ti dẹ́kun àti máa gba èrò tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Bi wọ́n pé ta ló ń bá wọn ka orúkọ ẹni tó ń pè wọ́n lórí fóònù. Ohun tí èèyàn ti gbé fún ẹlòmíràn ṣe, ibẹ̀ ni ara ti ń dùn ún. Abẹ́rẹ́ Bàbá Ṣakí ló kọ́ mi.

Bàbá Kábírù ni kí o kọ́kọ́ kí. Kúnlẹ̀ kí i dáadáa, má sì mú bírò dání lọ́jọ́ yẹn.

Mo ti fẹ́ gbàgbé ọ̀rọ̀ ipò rẹ. Ìwọ ni ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka yín, inú mi sì dùn sí i ju bí mo ṣe fi hàn lọ. Ìyá rẹ ní o ń ráhùn pé tí o bá pín iṣẹ́ ní ìpàdé, gbogbo wọn á ní "Ó yé wa," tó bá wá di ọjọ́ iṣẹ́, ìwọ nìkan lò ń sá kiri. Ọmọ mi, "ó yé wa" àti "a dúpẹ́," ìyá kan náà ló bí wọn. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ aṣọ ilé ìwé tí mò ń ṣe yìí, mo dúró sí iwájú àwọn télọ̀ mi, mo ní kí wọ́n fi àpò sí apá òsì. Mo fi ọwọ́ júwe. "Ṣé ó yé yín?" "Ó yé wa, sà." Ọgọ́fà ṣẹ́ẹ̀tì ni wọ́n rán, apá ọ̀tún ni gbogbo àpò wà. Mo pe Ìyá Rónkẹ́, tó jẹ́ àgbà láàárín wọn. Mo ní, "Ẹ̀yin náà, màmá?"

Ó ní, "Apá òsì tiyín ni, sà, àbí apá òsì ẹni tó máa wọ̀ ọ́? Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyẹn."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò bi mí?"

"Ẹ ti jáde, sà."

Láti ọjọ́ náà, mi ò bi ẹnikẹ́ni pé ṣé ó yé e. Mo máa ń ní kó rán ọ̀kan kí n rí i. Ìwọ náà, tí ẹ bá pín iṣẹ́ tán, má tú ìpàdé ká. Jẹ́ kí kálukú fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́ ṣe àti ọjọ́ tó fẹ́ ṣe é. Èyí tí kò bá lè sọ ọ́, kò yé e. Má sì bá a ṣe é. Tí o bá ń bá gbogbo wọn ṣe é, ìránṣẹ́ wọn lo jẹ́, o kì í ṣe ààrẹ.

Ẹ̀kẹrin, àbí ìkarùn-ún ni, mi ò ka nọ́ńbà mọ́. Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ yín pín jígí ìkàwé fún àwọn ìyá tó ń tajà ní Agbowó. O fi fọ́tò ránṣẹ́, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo ṣe fọ́tókọ́pì lọ́dọ̀ obìnrin kan nítòsí ilé tí o ń gbé, mo rí jígí náà lórí ìṣó. Mo ní, "Màmá, ẹ kì í lò ó ni?" Ó ní, "Ó rẹwà o. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa, Ọlọ́run á bá wọn ṣe é. Òòyì ló kàn máa ń kọ́ mi tí mo bá fi sójú." Mi ò sọ fún ọ, torí fọ́tò yẹn dùn ún wò. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ. Àánú tí a ṣe, tí a kò padà lọ wò, àwa la ṣe é fún.

Ìdí tí iṣẹ́ yìí fi kọjá oyè nìyẹn. Ìwọ lo ní ẹgbẹ́ yín fẹ́ bẹ àwọn dókítà ojú kí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní páákì. Tí ìwé tìrẹ fúnra rẹ bá sọ pé ojú wọn dáa, ta ló máa wá? Bàbá Kábírù á máa wa ọkọ̀ lọ, èèyàn méjìdínlógún á wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á ní "Awakọ̀, ẹ rọra o," á ní "A dúpẹ́."

Mi ò ní pinnu fún ọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ètò í ṣe, jẹ́ kí n to ọ̀nà sílẹ̀ fún ọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní àárọ̀, lọ bá olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ. Sọ ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì yẹn fún un. Bi í bóyá o lè gbé ìwé náà wá lọ́jọ́ Ẹtì, kí o kọ ọ́ sínú rẹ̀ gbangba pé ìdáhùn wọ̀nyí kò ṣeé gbára lé, kí o sì sọ ìdí. Tó bá gbà, ó dáa. Tó bá ní kí o padà lọ béèrè, fi sáà kan kún un. Nínú méjèèjì, mo wà lẹ́yìn rẹ. Ẹ̀kẹta, ìyẹn èyí tí mo fi ẹnu ara mi sọ ní Ọjọ́bọ̀, sọ ọ́ nù.

Má sì ro ti Ring Road. Mo pe ọ̀rẹ́ mi kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀ lónìí, mo ní ó ṣeé ṣe kí o má tètè jáde. Ó ní, "Ṣé ìwọ gan-an lò ń sọ̀rọ̀? Ìwọ tó kúrò níbi ìgbéyàwó ara rẹ lọ wo máṣìnì?" Mo ní èmi ni. Ó ní àyè yẹn kò lè dúró dè ọ́. Mo ní kò burú. Òwe kan wà tí mo kórìíra láti kékeré, pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọn ọ̀lẹ ló máa ń pa á fún mi. Mo ti ń bá òwe náà ṣe àdéhùn báyìí, díẹ̀díẹ̀.

Ó wá ku ohun kan, òun ló ṣòro jù láti kọ.

Láti ọdún mẹ́rin tí o ti wà ní Agbowó, tí mo bá pè ọ́, mo máa ń ní, "Mojí, ṣé kò sí?" Ìwọ á ní, "Kò sí, Dádì. Mo wà dáadáa." Mo máa ń gbà bẹ́ẹ̀. Tí mo bá gbé oúnjẹ wá, èmi kì í pa ọkọ̀. Ìwọ á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wàá fi ọwọ́ ṣíji bo ojú nítorí oòrùn, wàá ní o wà dáadáa, màá sì ti yí ọwọ́ ọkọ̀. Lánàá, ìyá rẹ sọ fún mi pé o ti fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ láti oṣù méjì, pé ẹlòmíràn ló ń kọ orin tí o máa ń dá kọ. Ó ní ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ń gbé yàrá ló ń lọ ra oúnjẹ fún ọ, torí o kì í jáde mọ́ àfi kíláàsì àti páákì.

Ohun tí èèyàn ti gbé fún ẹlòmíràn ṣe. Èmi náà ni mo kọ ọ́ sókè yẹn.

Bàbá Ṣakí ló sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹni tí a bẹ̀bẹ̀ ká tó rí kẹ́. Mo ti fi oúnjẹ kẹ́ ọ, mo fi ilé ẹ̀kọ́ kẹ́ ọ. Mi ò tíì fi ìjókòó kẹ́ ọ.

Mò ń bọ̀ ní Ọjọ́rú, ní aago mẹ́rin. Wá àga méjì. Màá pa ọkọ̀, màá sì gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́. Mi ò ní bi ọ́ bóyá o wà dáadáa. Màá bi ọ́ nípa orin, nípa oúnjẹ, nípa ohun tó tún wà níbẹ̀ tí ìyá rẹ kò mọ̀. Tí o bá sọ ọ́ tán, kí o tó dá kọ́kọ́rọ́ mi padà. Tí ilẹ̀ bá ṣú ká tó parí, kẹ̀kẹ́ wà tó máa gbé mi délé.

Èmi ni, bàbá rẹ, tó jókòó kọ èyí.